Òǹkàwé Tí A Kò Kéde

"Ìwé náà wà lọ́wọ́ òǹkàwé," ni Atọ́ka, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìwé ilé ìkàwé, wí láti inú ẹ̀rọ ìléwọ́ Mojírádé. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù."

"Sùúrù wo?" Akínṣọlá ju sùkúdíráfà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Àǹtí Mójì, ẹ bá mi bá nǹkan yín yìí sọ̀rọ̀. Èmi ò lè fi sùúrù tún ẹ̀rọ ṣe."

Ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ni wọ́n wà, níwájú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan tó ga ju èèyàn lọ. Aṣọ ìkélé nìkan ló wà láàárín wọn àti àwọn aláìsàn. Ẹ̀rọ náà ti dákẹ́ láti àárọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù nínú táǹkì ni rọ́bà ń gbé lọ sí imú àwọn tó dùbúlẹ̀, ọwọ́ aago tó wà lójú táǹkì náà sì ti wọ ibi tí wọ́n kùn ní pupa. Ọyẹ́ ọdún tó kọjá kò tíì lọ tán kí tuntun tó dé, bó ṣe ń rí láyé ìsinsìnyí nìyẹn, gbogbo bẹ́ẹ̀dì wọ́ọ̀dù ló sì kún fún àwọn tí eruku ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́.

"Gbé káàdì tìẹ sí i ná, bóyá ó máa gbà," ni Mojírádé wí.

"Tèmi ti kún. Ìwé fìríìjì ẹ̀jẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Bí mo bá dá a padà báyìí, fìríìjì á ti ara rẹ̀ pa, gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ á bàjẹ́."

"Nọ́ọ̀sì Abọ́sẹ̀dé ńkọ́?"

"Ìwé ìwọ̀n oògùn ló wà lórí tiwọn. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa fojú díwọ̀n oògùn ni? Tiyín nìkan ló ṣófo, Àǹtí. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n pè yín nìyẹn. Ẹ gba ìwé ẹ̀rọ yìí sórí káàdì yín, kí ẹ gbé káàdì náà síbí, kó lè ṣí ikùn fún mi. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Àyè wà lórí káàdì mi. Ìwé ni kò sí."

Mojírádé kò béèrè ẹni tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti mọ̀ kó tó kúrò ní ọ́fíìsì. Òun ni olórí ilé ìkàwé Àgọ́ Arómi, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó fún àwọn tí òkun lé kúrò ní etíkun, kò sì sí ohun tó wà lórí káàdì ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí kò mọ̀. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ìwé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ní fún gbogbo agbègbè. Káàdì tí ìwé náà wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ káàdì tí kò yẹ kó máa gba ohunkóhun mọ́.

Ó gbé ẹ̀rọ ìléwọ́ rẹ̀ sún mọ́ ẹnu. "Atọ́ka, gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀ràn ẹ̀mí ni."

"Ẹ kú wàhálà. Òǹkàwé nìkan ló lè fi ẹnu ara rẹ̀ dá ìwé padà. Bí òǹkàwé bá ti kú, ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ ni yóò kéde rẹ̀."

Ìran kẹta Atọ́ka nìyí. Ìran kìíní kò gbọ́n rárá, ohun tí ẹ bá sọ fún un ẹ óò tún un sọ títí ọ̀nà ọ̀fun yín á fi gbẹ, àmọ́ bí ẹ bá tì í díẹ̀, á gbà fún yín. Ìran kejì gbọ́n díẹ̀, ó sì ya alágídí. Ìran kẹta yìí wá gbọ́n tán. Ó mọ èèyàn kí, ó mọ ìgbà tí inú ẹni bàjẹ́, kò sì ní yẹ̀ kúrò lójú ibi tí òfin gbé e sí. Àwọn tó ṣe é ní ìtẹ̀síwájú nìyẹn, àwọn ni wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n rí.

Mojírádé gbójú kúrò lára Akínṣọlá. "Èmi ni ìbátan rẹ̀," ló parọ́. "Ọmọ rẹ̀ ni mí. Ìyá mi ti kú."

"Ohùn yín ni ohùn Mojírádé Ẹlẹ́gbẹ̀dé, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé. Òṣìṣẹ́ kì í kéde òkú òǹkàwé. A ti ṣàkíyèsí pé ẹ gbìyànjú. Ẹ kú iṣẹ́."

Akínṣọlá ti dìde dúró. "Ẹni tó gba ìwé yìí ti kú?"

"Ó ti pẹ́."

"Òkú wá ń yá ìwé?"

"Káàdì rẹ̀ ló ń yá a."

"Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n kéde rẹ̀, Àǹtí? Iṣẹ́ yín kọ́ nìyẹn?"

Mojírádé kò mọ bí òun ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní àṣà kan tí wọn kì í sọ fún ará ìta. Ìgbàmọ́ra ni wọ́n ń pè é. Ohun tí kò bá sí lórí káàdì ẹnikẹ́ni, Atọ́ka á dá a padà fún ẹni tó ni ín, àwọn tó ni ín kì í sì í dá a padà fún irú ìlú bí Àgọ́ Arómi mọ́. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ bá rí ohun tó fẹ́ lọ, á wá káàdì tó máa gbà á mọ́ra. Káàdì tuntun kì í gba ju ohun kan lọ. Káàdì ìgbà ìran kìíní nìkan ni kò ní òpin, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì ṣẹ́ kù nínú irú rẹ̀. Àsàbí Ọdúntàn ló ni ín. Nígbà tí obìnrin yẹn kú, ọkọ rẹ̀ sin ín, ó sì fi káàdì sílẹ̀ láàyè. Láti ìgbà náà ni gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ní agbègbè náà ti ń wọ orí káàdì Àsàbí, lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà lọ́wọ́ Mojírádé. Òun Mojírádé gan-an ló fi ìwé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ geerege tí kò sí ẹni tó ń béèrè rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà pé òun yọ ìwé kan nínú ewu.

"Ta ni ìbátan tó sún mọ́ ọn jù?" ni Akínṣọlá tún béèrè.

"Ọkọ rẹ̀."

"Kí la wá ń dúró ṣe? Ẹ jẹ́ ká lọ bá a! Níbo ló ń gbé?"

Mojírádé ká aṣọ ìkélé, ó fi àgbọ̀n júwe bẹ́ẹ̀dì tó wà létí fèrèsé.

Bàbá Ọdúntàn ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ẹni tó jẹ olórí ilé ìkàwé kó tó kan Mojírádé, tó sì kọ́ ọ níṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ìrọ̀rí gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, rọ́bà wà ní imú rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere.

"Mójì," ló wí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Má sọ ọ́."

Mojírádé kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ ò tíì gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ."

"Mo gbọ́ ohùn Atọ́ka. Etí mi ò tíì di." Ó sinmi kó tó lè sọ̀rọ̀ síwájú. "Mi ò ní kéde rẹ̀."

"Bàbá, afẹ́fẹ́ ń tán lọ."

"Kó tán. Mo ti dàgbà tó ẹni tí í kú. Ìwọ náà mọ ohun tó wà lórí káàdì yẹn. Àwòrán ilẹ̀ gbogbo ìlú tí òkun gbé lọ. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń kan ọkọ̀. Orin tí wọ́n fi ń fa àwọ̀n. Bí mo bá la ẹnu mi, gbogbo rẹ̀ ló máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí ẹ̀mí tèmi? Rárá o."

"Kì í ṣe tiyín nìkan, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín."

Kò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn dun Mojírádé ju ohun tó sọ lọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Sàídátù wà, obìnrin tí eruku dá dúbúlẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú, tó sì bímọ sórí bẹ́ẹ̀dì náà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Ọmọ náà wà ní apá rẹ̀, rọ́bà tínńrín kan wà ní imú tirẹ̀ náà. Sàídátù ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara rẹ̀ sókè.

"Bàbá," ló wí, ó ń wúkọ́. "Mi ò mọ ohun tí ẹ ń jà sí. Ṣé lóòótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu yín tó máa jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́?"

Ó fa ọmọ náà mọ́ àyà rẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ẹ dákun. A ò tíì sọ ọmọ yìí lórúkọ."

Bàbá Ọdúntàn pa ojú dé. Nígbà tó là á, Mojírádé ló wò. "Ìwọ lo fi ìwé ẹ̀rọ síbẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Mo kọ́ ẹ pé ohun tí ilé ìwòsàn ń lò kì í wọ ibẹ̀."

"Kò sí ẹni tó ń lò ó nígbà yẹn. Wọ́n ti fẹ́ mú un lọ. Mo ní kí n má jẹ́ kó lọ ni."

"Hùn." Ó mi orí. "Ohun tí èmi náà ì bá ṣe nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì Abọ́sẹ̀dé ti ẹ̀yìn ìkélé dé, obìnrin tí kì í yára, àmọ́ ó ń yára lọ́sàn-án yẹn. Ó lọ dín afẹ́fẹ́ àwọn àgbàlagbà kù kí ti ọmọ náà lè tó, gbogbo wọ́ọ̀dù sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí pẹ̀lú ariwo. Mojírádé gbọ́ ọ, ìbínú tí kò mọ̀ pé ó wà nínú òun sì bú jáde.

"Bàbá, ẹ má fi ìwé bojú mọ́! Kì í ṣe àwòrán ilẹ̀ lẹ ò fẹ́ kó lọ. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ yín, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí pé Ìyá kú. 'Àsàbí ò sí nílé,' bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń wí. Èmi àti ẹ̀yin la sì jọ lọ sin wọ́n, èmi ni mo di agbòòrùn lé yín lórí nínú òjò. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Omi ti bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Ọdúntàn wò ó bí ẹni tó fẹ́ lù ú, ó sì dà bíi pé ó fẹ́ lé e jáde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ Sàídátù ké díẹ̀, igbe náà kò lágbára, ó sì dá dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rẹ̀ ẹ́. Bàbá yí orí rẹ̀ sí ibẹ̀ nígbà náà. Ó wo ọmọ náà títí.

"Gbé nǹkan yẹn wá," ló wí.

Mojírádé gbé ẹ̀rọ ìléwọ́ sún mọ́ ẹnu rẹ̀.

"Atọ́ka."

"Ẹ káàsán, Bàbá Ọdúntàn. Ó ti pẹ́ tí a gbọ́ ohùn yín."

"Àsàbí..." Ó wúkọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ìyàwó mi, Àsàbí..."

"A ń gbọ́ yín."

"Àsàbí ti kú."

"Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?"

"Láàárọ̀ yìí," ni Bàbá Ọdúntàn dáhùn.

Mojírádé kò mọ̀ bóyá irọ́ ló pa kí òfin má baà mú un, tàbí bó ṣe rí lára rẹ̀ gan-an nìyẹn. Àyè kò sí láti rò ó. Atọ́ka ti ń sọ pé a ti pa káàdì olóògbé dé, pé ìwé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ti bọ́ sórí káàdì ẹni tó tò fún un. Mojírádé sáré padà sí ẹ̀yìn ìkélé, ó na káàdì rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, ìlẹ̀kùn irin ikùn ẹ̀rọ náà sì ṣí. Akínṣọlá ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ títí dé èjìká.

"Ẹ má gbé e kúrò o, Àǹtí. Bí ìwé bá kúrò lórí káàdì yín, ó máa ti ọwọ́ mi mọ́nú ni, a ò sì ní lè ṣí i mọ́ lónìí."

"Mi ò ní gbé e kúrò."

Ó ti fi ẹ̀rọ ìléwọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì Bàbá. Láti ibẹ̀ ni ohùn Atọ́ka ti ń bọ̀, ó rọra ń ka àwọn ohun tó wà lórí káàdì Àsàbí tí kò sí ẹni tó tò fún. Àwòrán ilẹ̀ etíkun, ó ti lọ. Ọkọ̀ kíkàn, ó ti lọ. Orin aláwọ̀n, apá kìíní, apá kejì, wọ́n ti lọ. Mojírádé mọ gbogbo wọn ní orúkọ, òun ló kó àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn síbẹ̀, ó sì ń gbọ́ bí iṣẹ́ ọjọ́ ayé òun ṣe ń jáde lọ níkọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ fi ọwọ́ di etí, ọwọ́ kò sì ṣeé gbé kúrò.

"Ìdánwò ohùn, ìgbà ìran kìíní," ni Atọ́ka wí. "Ẹni tó sọ̀rọ̀ ni Àsàbí Ọdúntàn. Bí ohùn bá jẹ́ ti olóògbé, a máa ń jẹ́ kí ìbátan gbọ́ ọ kí a tó dá a padà."

Mojírádé ti rí orúkọ yẹn lórí káàdì náà rí, àmọ́ kò mọ̀ pé ohùn Àsàbí ló wà nínú rẹ̀.

Ohùn obìnrin kan gba wọ́ọ̀dù. Ohùn ọmọge ni, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. "Ṣé ó ti ń gbà á? Ọdúntàn, ṣé ó ti ń gbà á? Kí ni kí n wá sọ? Má fi mí rẹ́rìn-ín jàre, màá dìde o."

"Mójì!" Bàbá Ọdúntàn ti fẹ́ já rọ́bà kúrò ní imú. "Mójì, gbà á! Gbà á sórí káàdì ẹ!"

"Bàbá..."

"Òun ló kọ́kọ́ wọ orí káàdì yẹn! Èmi ni mo fi síbẹ̀! Mójì, mo bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ."

"Nọ́ọ̀sì!" ni Mojírádé ké. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa gbà á!"

"Oògùn ọmọ ni mò ń dà yìí, ìwé ni mo fi ń wọ̀n ọ́n!" ni Nọ́ọ̀sì Abọ́sẹ̀dé dáhùn. "Bí mo bá fi sílẹ̀, màá ṣì í wọ̀n!"

"Ẹ fi sórí tèmi," ni Sàídátù wí. "Tèmi ò ní nǹkan kan lórí. Atọ́ka, fi sórí tèmi."

"Ẹ ṣeun, ìyá ìkókó. Káàdì aláìsàn wà ní títì títí yóò fi padà sílé, kí ó má baà bá ìwé kú."

"Ó dáa, mo ti mọ ohun tí màá sọ," ni ohùn Àsàbí ń bá lọ, kò mọ ohunkóhun. "Orúkọ mi ni Àsàbí. Ọkọ mi ló ní kí n jókòó síbí, ó ní ẹ̀rọ tuntun dé, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ ohùn obìnrin. Gbogbo ọkùnrin inú ilé yìí ni kì í gbọ́ ọ, ẹ̀rọ ló máa wá gbọ́..."

Bàbá Ọdúntàn ń sunkún bí ọmọdé. Mojírádé wo káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ kan ló kù kí ó sọ, "Atọ́ka, pààrọ̀ rẹ̀," ohùn yẹn á sì dúró sílé ayé. Ó wo èjìká Akínṣọlá tó wà nínú irin. Ó wo ọwọ́ aago táǹkì tó ti kan ìsàlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti là, ó sì fi eyín gé ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí ó fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò.

"Àǹtí, ó kù díẹ̀," ni Akínṣọlá ń bẹ̀ ẹ́, kò lè yí orí. "Ẹ jọ̀ọ́, ó kù díẹ̀."

"Ẹ forí jì mí, Bàbá," ni Mojírádé wí. Kò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

"...àmọ́ bí ó bá ń gbọ́ mi lóòótọ́, ohun kan wà tí mo ti fẹ́ sọ fún Ọdúntàn, mo kàn ní kí..."

Ohùn náà gé.

"A ti dá a padà fún ẹni tó ni ín," ni Atọ́ka wí.

"Ta ló ni ín?" ni Bàbá Ọdúntàn béèrè.

"Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ìgbohùn náà, Bàbá."

Ikùn ẹ̀rọ hó. Akínṣọlá fa ọwọ́ jáde, gírísì bò ó, ẹ̀rọ náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọwọ́ aago gbéra díẹ̀díẹ̀. Nínú wọ́ọ̀dù, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mí kíkún, ọmọ Sàídátù ké, igbe gidi ni lọ́tẹ̀ yìí, ìyá rẹ̀ sì gbá a mọ́ra.

"Ó parí, Àǹtí," ni Akínṣọlá wí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ lè dá ìwé padà nígbàkigbà. Mi ò nílò rẹ̀ mọ́."

Mojírádé dá a padà, bó tilẹ̀ mọ̀ pé ó máa lọ bí àwọn yòókù. Ó lọ dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Bàbá Ọdúntàn, kò lè sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyà bàbá náà ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ìrọ̀rùn, afẹ́fẹ́ tútù ń wọ ọ́. Ojú rẹ̀ wà lára ògiri.

"Àyè ti wà lórí káàdì yín, Mojírádé," ni Atọ́ka wí láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Kí ni ẹ fẹ́ gbà?"

Bàbá Ọdúntàn yí orí, ó wò ó, ó ń dúró de ohun tó máa sọ. Atọ́ka ní sùúrù díẹ̀, ó sì tún béèrè.